Aago mélòó lẹ máa débẹ̀?

Ẹ kú ojú lọ́nà o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú jáde lóṣù yìí, gbogbo wọn ló dá lórí oorun alẹ́ kan ní ìgbèríko ilẹ̀ Faransé. Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa pàdé: ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣiṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì oníyàrá mẹ́rìnlá kan ní abúlé tí kò jìnnà sí Troyes. Mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo fọ balùwẹ̀, mo jókòó nídìí káńtà, kí n tó kó wá sí London. Ìdí tí wọ́n fi ń pè mí ní Àǹtí Oníkáńtà nìyẹn.

*Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò ọkọ mi fẹ́ gbéyàwó ní Montpellier ní oṣù kẹjọ, mọ́tò la sì fẹ́ gbé lọ láti Chatham níbí. Àwa mẹ́fà ni: èmi àti bàbá wọn, àwọn ìbejì tó jẹ́ ọmọ ọdún méje, àbúrò wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́tàlá, àti ìyá ọkọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa. Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu, pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni wọ́n sì ń lò. Àwa yòókù ti gba ti Ìlú Ọba. Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ìgbéyàwó la fẹ́ gbéra lẹ́yìn ìsìn, ká wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ òkun ní Folkestone ní nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ká sùn mọ́jú lẹ́bàá Beaune, ká wọ Montpellier lọ́jọ́ kejì.*

*Bàbá wọn rí hòtẹ́ẹ̀lì kan tí kò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà márosẹ̀, ó ní oorun lásán la fẹ́ sùn. Èmi rí ilé àtijọ́ kan lábúlé, òdòdó yí i ká, ìràwọ̀ mẹ́ta ló ní. Bí a bá sanwó rẹ̀ tán báyìí wọ́n máa yọ díẹ̀ fún wa, ṣùgbọ́n owó náà ò ṣeé gbà padà mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta rèé tá a ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí. Èwo ni ká mú? — Ìyá Ìbejì, Chatham*

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó o. Ẹ̀yìn ìyàwó ò ní mẹní. Ẹ jẹ́ kí hòtẹ́ẹ̀lì méjèèjì dúró ná, ká kọ́kọ́ ka aago.

Bí ọkọ̀ yẹn bá gbéra ní aago mẹ́rin ààbọ̀, ìṣẹ́jú márùndínlógójì ló máa fi rìn. Aago márùn-ún ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá díẹ̀ lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe ń yọrí ní Calais, aago mẹ́fà ti kọjá níbẹ̀, torí wákàtí kan ni Faransé fi ṣáájú wa. Wákàtí yẹn ni gbogbo èèyàn máa ń gbàgbé. Ó sì ku bí 600 kìlómítà kí ẹ tó rí Beaune. Lóòótọ́, 130 ni wọ́n gbà kéèyàn sá lórí márosẹ̀ wọn, 110 bí òjò bá ń rọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ oṣù mẹ́tàlá ò mọ 130. Ẹ máa dúró pààrọ̀ ìlédìí, ẹ máa dúró kí Màmá na ẹsẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì á ní òun fẹ́ tọ̀ nígbà tí ẹ bá kúrò níbi tí wọ́n ti ń tọ̀ tán. Aago kan òru lẹ máa dé. Òru ọjọ́ Àìkú, ní ìgbèríko Faransé!

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí òru ọjọ́ Àìkú ṣe ń rí lẹ́yìn káńtà. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, a kì í dáná alẹ́ lọ́jọ́ Àìkú rárá. Aago mẹ́sàn-án lù, ọ̀gá mi pa iná, ó re ilé ẹ̀. Àlejò tó bá pẹ́, inú àpótí kékeré kan lára ògiri la máa ń fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí, nọ́ńbà tó máa fi ṣí i sì ti wà nínú ímeèlì, lédè Faransé. Lálẹ́ ọjọ́ kan, oorun ti gbé mi lọ nínú yàrá mi lókè ibi ìfọṣọ, ni mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ lẹ́nu géètì pé, "Ẹ̀rọ yìí ò mà gbọ́ o!" Yorùbá kẹ̀, ní aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú! Mo ró ìró mọ́dìí, mo sọ̀kalẹ̀. Bàbá kan ló ń tẹ nọ́ńbà, ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ sẹ́yìn, méjì ń sùn nínú mọ́tò, bàbá àgbà jókòó síwájú pẹ̀lú fìlà lórí. Ímeèlì yẹn ti lọ sùn sínú àwọn tí kò wúlò. Bí wọ́n ṣe wọlé, ìyàwó bi mí jẹ́jẹ́ bóyá nǹkan jíjẹ wà. Mo wo kíṣìnnì: búrẹ́dì àárọ̀ tó ti le bí igi ìdáná, jáàmù, àti ẹyin. Mo din mẹ́fà, mo gé àlùbọ́sà sí i, mo wọ́n ata gígún tèmi lé e lórí. Nígbà tí bàbá àgbà jẹun tán, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé ìyá àwọn ń gbé ní Faransé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá mi ka ẹyin, ó ní mẹ́fà ti dín. Mo ní àwọn ará ilé mi ló wá.

Kò sí ọmọ Yorùbá lẹ́yìn káńtà lẹ́bàá Beaune o, ẹ má gbójú lé ìyẹn.

Nítorí náà, ẹ ṣe ìsìn yín tán, ẹ jẹun, ẹ sùn sílé. Ẹ wọ ọkọ̀ aago mẹ́fà òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Kí aago mẹ́jọ Faransé tó lù, ẹ ti kúrò ní Calais. Bí ẹ bá tilẹ̀ fi wákàtí méjì dúró káàkiri, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lẹ máa wà ní Beaune, ojúmọmọ, káńtà ṣí sílẹ̀. Nǹkan bí 450 kìlómítà ló máa kù fún ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kí ẹnikẹ́ni má sì ní kẹ́ ẹ lọ ní Sátidé. Bison Futé, àwọn tó ń bá ìjọba sọ bí ọ̀nà ṣe máa rí, máa ń fi àwọ̀ sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan: àwọn Sátidé ìgbà ọlidé máa ń pupa, nígbà mìíràn wọ́n á dúdú. Dúdú yẹn, inú mọ́tò lẹ máa ti jẹ àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́.

Bí bàbá wọn bá fàáké kọ́rí pé ọjọ́ Àìkú náà ni, ẹ sùn sí Laon, tó lé díẹ̀ ní 200 kìlómítà sí Calais, kí ẹ sì gbé oúnjẹ dání. Ìsàlẹ̀ ìlú ni kẹ́ ẹ wá hòtẹ́ẹ̀lì sí. Lórí òkè ni kàtídírà wọn wà, ère màlúù ló sì ń yọ orí jáde láàárín òpó ilé ìṣọ́ rẹ̀, lókè téńté. Wọ́n ní àwọn màlúù tó fa òkúta gun òkè nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ ni wọ́n fi ṣe lọ́lá. Àwọn ìbejì á fẹ́ràn rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé náà ní ọ̀fìn tirẹ̀. Ilé oúnjẹ tó bá ṣí ní òpin ọ̀sẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn lábúlé kì í ṣí ní Mọ́ńdè. Èyí tó bá sì ṣí, aago méje alẹ́ ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́sàn-án wọ́n ti ń nu sítóòfù. Ẹni tó bá dé ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n á fi ẹ̀rín ṣe é lálejò, wọn ò ní fi oúnjẹ ṣe é. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ máa bi hòtẹ́ẹ̀lì èyíkéyìí nìyí, kẹ́ ẹ tó béèrè iye owó: "Vous servez à dîner lundi soir ?" Ṣé ẹ ń dáná alẹ́ ní Mọ́ńdè? Inú tí ebi bá ti wọ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn kì í wọ̀ ọ́, òdòdó ò sì ṣeé jẹ.

Ẹ pè wọ́n lórí fóònù, láàárín aago méjì sí mẹ́rin ọ̀sán, nígbà tí àwọn tó ń lọ ti lọ tán tí àwọn tó ń bọ̀ ò tíì dé. Kí ẹ tó sọ ohunkóhun, ẹ sọ pé "Bonjour, madame." Faransé jọ wá níbẹ̀: ẹni tí kò bá kí èèyàn kó tó béèrè nǹkan, wọ́n kà á sí aláìlẹ́kọ̀ọ́. Mo ti rí i kí ọ̀gá mi sọ pé kò sí yàrá, nígbà tí mẹ́ta ṣófo, torí pé ẹni náà wọlé láìkí i.

Ọ̀rọ̀ Màmá ló kàn. Bó ti wù kí wọ́n ti pẹ́ tó ní Ìlú Ọba, ẹni tó bá ń fi pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà rìn nílò físà Schengen. Wọ́n máa béèrè ibi tí wọ́n máa sùn, títí kan alẹ́ kan yìí, àti ìwé adójútòfò ìrìnàjò tó tó 30,000 yúrò. 90 yúrò ni owó físà fún àgbàlagbà. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n sábà máa ń lò láti dáhùn, ó sì máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà mìíràn. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìnàjò ni wọ́n ti ń gba ìwé. Ṣé ẹ wá rí ìdí tí mi ò fi fẹ́ kẹ́ ẹ san owó tí kò ṣeé gbà padà? Bí físà ò bá tètè jáde, onílé olódòdó á jẹ owó yín, kò sì ní jẹ̀bi. Ẹ búùkù èyí tí ẹ lè fagi lé, kódà bó wọ́n díẹ̀ sí i. Owó ìfọ̀kànbalẹ̀ nìyẹn.

Ó wá ku ilé méjèèjì. Ti bàbá wọn kò burú tó bí ẹ ṣe rò. Ẹ̀rọ lè fún yín ní kọ́kọ́rọ́ lóru, ibi ìgbọ́kọ̀sí wà, ẹ ò ní wá a kiri inú igbó. Ṣùgbọ́n yàrá ibẹ̀ kéré. Níbi tó pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀dì tọkọtaya kan ni, wọ́n á wá gbé pákó ọmọdé kan kọ́ sókè rẹ̀ bíi ti inú ọkọ̀ ojú omi. Ẹ̀yin mẹ́fà, yàrá méjì ó kéré tán, mẹ́ta bí Màmá bá fẹ́ gbàdúrà òru wọn ní àlàáfíà. Ẹ ní kí wọ́n fi yàrá yín sún mọ́ra, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ lè bá Màmá ní ìpẹ̀kun kejì.

Ilé olódòdó yẹn, mo mọ irú rẹ̀ dáadáa. Àtẹ̀gùn òkúta tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín, kò sí lífìtì, yàrá tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì sì wà lókè pátápátá. Ẹ béèrè fún "rez-de-chaussée", ìyẹn ilẹ̀. Ẹ má gbà bí wọ́n bá ní "premier étage". Àkọ́kọ́ tiwọn, orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè bẹ́ẹ̀dì ọmọ ọwọ́, "lit bébé", kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín, torí méjì péré la ní níbi tiwa, àwọn tó bá kọ́kọ́ sọ ló sì ń gbà á. Bẹ́ẹ̀dì tọkọtaya wọn àtijọ́, sẹ̀ǹtímítà 140 ni fífẹ̀ rẹ̀, ẹni méjì tó fẹ́ràn ara wọn ló ṣe é fún, kì í ṣe ẹni méjì àti ọmọ tó ń ta ẹsẹ̀. Oṣù kẹjọ sì máa ń mú ooru, ẹ̀rọ amúlétutù ò sì sí níbi gbogbo.

Ìràwọ̀ tí ẹ rí yẹn, ohun tó ń kà ni bí yàrá ṣe tóbi tó, àwọn ohun èlò inú rẹ̀, èdè tí wọ́n ń sọ nídìí káńtà. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ń gbé e kọ́. Kò sọ bóyá wọ́n ń dáná ní Mọ́ńdè, kò sì mọ orúnkún Màmá.

Bí èmi bá ni ẹ̀yin, mi ò ní mú ìkankan nínú méjèèjì. Mo máa wá ilé tó gbé àmì Logis kọ́ ẹnu ọ̀nà: hòtẹ́ẹ̀lì kéékèèké tí ìdílé fúnra wọn ń bójú tó, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ilé ìdáná tiwọn. Ọkọ ló ń sè, ìyàwó ló ń gbé e wá. Ẹ wá èyí tó ní lífìtì tàbí yàrá nílẹ̀, tó ń dáná ní Mọ́ńdè, tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí ẹnu márosẹ̀. Bó bá jẹ́ inú abúlé kékeré ló wà, ẹ gba yàrá ẹ̀yìn. Ẹran Màmá, ẹ ní "bien cuit", kó jinná dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀jẹ̀ á máa ṣàn nínú àwo, Màmá á sì ní kí wọ́n dá a padà fún màlúù.

Owó oúnjẹ àárọ̀ kì í sábà sí nínú owó yàrá, ẹ béèrè. Búrẹ́dì ilé oníbúrẹ́dì ò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Owó orí àlejò, "taxe de séjour", máa wà níbẹ̀ fún àgbàlagbà mẹ́ta, wọn kì í gbà á lórí àwọn tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún. Wọ́n lè fún yín ní fọ́ọ̀mù kí ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù sí i. Kí Màmá má bẹ̀rù, gbogbo àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ń fún. Bí ẹ bá dé, ẹ kó gbogbo ẹrù wọlé, pàápàá aṣọ ẹbí.

Ọ̀rọ̀ kan tó kù, kí ohun tó ṣe mí má ṣe yín. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé, mo rí àkọlé "Hôtel de Ville", mo ní hòtẹ́ẹ̀lì ìlú rèé, kò ní wọ́n. Mo wọ́ báàgì mi gun àtẹ̀gùn rẹ̀. Obìnrin ibẹ̀ bi mí bóyá ọmọ ni mo fẹ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ tàbí òkú. Ilé ìjọba ìbílẹ̀ ni! Irú ibẹ̀ gan-an ni wọ́n máa ti so àbúrò ọkọ yín pọ̀, torí ní Faransé, kí ṣọ́ọ̀ṣì tó súre, ìjọba ìbílẹ̀ ló ń kọ́kọ́ so ó. "Hôtel-Dieu" tí ẹ máa rí ní Beaune ńkọ́? Ilé ìwòsàn àwọn òtòṣì ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún ní 1443. Òrùlé rẹ̀ aláràbarà bí aṣọ òfì ni kẹ́ ẹ mú àwọn ìbejì lọ wò nírọ̀lẹ́ Mọ́ńdè yẹn, kí oúnjẹ tó jinná. Ẹ má ṣáà gbé báàgì dání.

*Àǹtí, ilé oúnjẹ wọn ti wọ́n jù. Mo fẹ́ se jọ̀lọ́ọ̀fù pẹ̀lú ẹran díndín sínú kúlà, kí n sì gbé sítóòfù oníná kékeré kan sínú yàrá láti gbóná rẹ̀. Ṣé ó burú? — Ṣadé, Peckham*

Ṣadé mi, ìrẹsì ò burú, ẹran ló burú. Láti ìgbà tí Ìlú Ọba ti kúrò nínú ẹgbẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù pátápátá ní 2021, ẹran àti wàrà ò gbọdọ̀ bá èèyàn kọjá láti ibí sí Calais, kódà èyí tó wà láàárín búrẹ́dì. Ẹran díndín, ṣakí, pọ̀nmọ́, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n lè dà nù lójú ẹ. Ẹja ni kó o gbé. Wọ́n gba tó 20 kìlógíráàmù láyè, ìyẹn á tó ẹ jẹ dé Sípéènì. Mílíìkì alágolo ti ọmọ ọwọ́ náà ń kọjá, bí kò bá ti ju kìlógíráàmù méjì lọ.

Sítóòfù yẹn, fi sílé. Èmi ni mo fi ọ̀bẹ ha ìrẹsì tó jóná kúrò lára kápẹ́ẹ̀tì yàrá kẹsàn-án, lẹ́yìn tí ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn èéfín ti jí gbogbo hòtẹ́ẹ̀lì, ìyá arúgbó kan sì ti sá jáde pẹ̀lú ajá rẹ̀. Bẹ ẹni tó wà nídìí káńtà kó bá ẹ gbóná rẹ̀. Bó o bá kí i dáadáa, á ṣe é. Bó bá jẹ́ pé o fẹ́ máa dáná fúnra rẹ, "gîte" ni wọ́n ń pè é, ilé tó ní kíṣìnnì, ṣùgbọ́n nínú oṣù kẹjọ láti Sátidé sí Sátidé ni wọ́n sábà ń fi í háyà.

*Ẹ̀gbọ́n, èmi àti ìyàwó mi sùn nílé àwọn àgbẹ̀ kan tó ń gba àlejò lábúlé. Oúnjẹ àárọ̀ dára. Ṣùgbọ́n láti aago mẹ́rin ni àkùkọ ti ń kọ lábẹ́ fèrèsé wa, agogo ṣọ́ọ̀ṣì sì ń lù tòru-tọ̀sán. Mo fẹ́ gba ìdajì owó mi padà. Ẹ jọ̀ọ́, ó tún dà bíi pé agogo yẹn ń lu aago kan náà lẹ́ẹ̀mejì, àbí orí mi ló dàrú? — Bàbá Tọ́lá, Leeds*

Bàbá Tọ́lá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Owó yẹn ti lọ. Ní erékùṣù Oléron, àwọn kan tó ní ilé ọlidé síbẹ̀ pe ẹjọ́ mọ́ àkùkọ kan tó ń jẹ́ Maurice, pé kò jẹ́ káwọn sùn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, kóòtù Rochefort ní kí Maurice máa kọ lọ, àwọn tó pe ẹjọ́ ló sì san 1,000 yúrò fún ẹni tó ni ín. Ní oṣù kìíní 2021, wọ́n tún ṣòfin pé ariwo àti òórùn ìgbèríko wà lára ogún ilẹ̀ Faransé. Àkùkọ ti ní lọ́yà, ẹ̀yin ò ní.

Orí yín ò dàrú. Láwọn abúlé kan, agogo máa ń lu wákàtí tán, á dákẹ́ bí ìṣẹ́jú méjì, á tún un lù, nítorí àgbẹ̀ tó wà lóko tí kò ráyè kà á nígbà àkọ́kọ́. Nígbà mìíràn tí ẹ bá lọ, ẹ ra ìdíhò-etí ní ilé apòògùn, "bouchons d'oreilles" ni kẹ́ ẹ béèrè. Èyí tí wọ́n fi ìda ṣe ló dára jù, tí ẹ máa fi ọwọ́ pò kó rọ̀. Kẹ́ ẹ ra ti ìyàwó náà, àyàfi bó bá jẹ́ pé àwọn sùn ní tiwọn.